Róòsì Kì Í Ṣe Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ọjọ́ tí a kó ìyá ọkọ mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sọ́dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́, ẹrù wọn kò pọ̀. Àpótí aṣọ méjì, Bíbélì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, àga kan tí wọ́n fi ń jókòó gba atẹ́gùn, àti igi fúláwà kan tó wà nínú korobá. Èmi ni mo gbé korobá náà lọ láti ìsọ̀ mi ní ọjà Akẹ̀sán. Rọ́bà ni mò ń tà níbẹ̀: korobá, abọ́, kẹ́ẹ̀gì, agbọ̀n aṣọ, gbogbo ohun tó lè já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ kó má fọ́. Màmá ti pàṣẹ fún mi lórí fóònù pé kí n lu ìdí korobá náà ní ihò mẹ́ta kí omi má baà dúró nínú rẹ̀. Mo lù ú, ṣùgbọ́n ó dùn mí dé egungun. Ẹni tó ń búra fún oníbàárà lójoojúmọ́ pé korobá òun kò ní jò, tó tún wá ń fi irin gbígbóná lù ú nídìí, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Ọkọ̀ èrò la wọ̀. Ọkọ mi jókòó síwájú lọ́dọ̀ awakọ̀, màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èmi wà láàárín, korobá sì wà lórí itan mi. Màmá ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, nítorí àwọn gbọ́ ohùn ewúrẹ́ níbẹ̀. Òótọ́ ni, ewúrẹ́ wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí kòtò báyìí, ẹ̀gún á gún mi lẹ́rẹ̀kẹ́, bí mo bá gbé orí kúrò, màmá á ní, "Ìyàwó, ṣé o dì í mú?" Ọkùnrin kan tó jókòó tì mí bi mí pé àrùn wo ni ewé náà ń wò. Mo ní kò wo àrùn kankan. Ó ní ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni. Mo ní wọn kì í jẹ ẹ́. Ó ní kí ló wá ń ṣe nínú ọkọ̀. Mo ní ó ń lọ kí ẹbí ọkọ rẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Ọ̀yọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi àti màmá ṣe rí síra wa. Olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí wọn sí, ìtòsí àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì ni wọ́n sì ti dàgbà, débi pé títí di òní, àwo gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ife kí wọ́n tó mu tíì. Ní tèmi, ọmọ àgbẹ̀ Ìrẹsà ni mí. Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Ìwé karùn-ún ṣì ń dúró dè mí. Olùkọ́ bíi tiwọn ni màmá fẹ́ kí ọmọ wọn fẹ́. Ọmọ wọn wá ra korobá lọ́jà, ó bá mi níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ọ̀rọ̀. Wọn kò bú mi rí. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Bí mo bá sọ ohun tí kò tọ́, wọ́n á kàn dákẹ́ díẹ̀, bí olùkọ́ tó ń dúró kí ọmọ kíláàsì rí àṣìṣe ara rẹ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, mo ti làágùn ju bí mo ṣe ń làágùn lábẹ́ ẹrù lọ.

Igi fúláwà yẹn, róòsì ni. Kì í ṣe èyí tó ń tan ṣùrù ṣùrù lára ọgbà o. Èyí máa ń na ọ̀pá gígùn kan sókè, á gbé ẹyọ òdòdó pupa kan ṣoṣo lé orí rẹ̀, òdòdó náà á tóbi tó ìkúùkù, ara rẹ̀ á ká mọ́ra bí gèlè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wé. Màmá ní róòsì tíì ni wọ́n ń pè é, nítorí pé òórùn ewé tíì wà nínú ìran rẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá kí n lọ gbé omi gbígbóná wá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

Bàbá ọkọ mi tó ti dolóògbé ló gbé e wá fún wọn láti Jọ́ọ̀sì, níbi tí otútù wà tí irú rẹ̀ ti ń ṣe dáadáa. Mẹ́fà ni bàbá gbé wá. Bàbá kì í ra nǹkan fún ìyàwó, àwọn ọmọ wọn náà ń sọ ọ́. Ẹ̀bùn kan ṣoṣo tí wọ́n fún màmá ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn nìyẹn. Ikán jẹ méjì, ọ̀gbẹlẹ̀ pa ọ̀kan, ewúrẹ́ mú méjì. Ó ku ẹyọ kan. Bàbá kú, ojú màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Awọ kan ń bò ó díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jẹ́ pé òjìji nìkan ni wọ́n ń rí. Imú ni wọ́n fi ń mọ̀ pé òdòdó wọn ti là. Wọ́n á tẹ̀ba mọ́ ọn, wọ́n á fa imú, wọ́n á ní, "Ó ti dé." Èmi náà gbóòórùn rẹ̀ nígbà tó tan lẹ́yìnkùlé wa ní Ọ̀yọ́, níbi tí a yọ ọ́ nínú korobá gbìn sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri: bí èèpo ọsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó sórí ewé tíì tútù. Mo wá ohun tí màá fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, mi ò rí i.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àbúrò ọkọ mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn bá dókítà ojú sọ̀rọ̀. Dókítà ní awọ náà ṣeé yọ, ojú kan lákọ̀ọ́kọ́, èkejì tó bá yá, màmá á sì wà ní Ìbàdàn títí méjèèjì á fi jinná. Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n lọ, a jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ kan tó so mọ́ mi lọ́rùn títí wọ́n fi padà dé.

"Bí ojú mi bá là," wọ́n ní, "róòsì bàbá yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí. Ọdún kẹrin rèé tí mi ò ti rí àwọ̀ rẹ̀. Mo ti ń gbàgbé."

Wọn kò ní ojú ọmọ àwọn ni àwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ó gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé bí ẹni tó ń wá ibi tó ń jò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó wọkọ̀, wọ́n mú mi lọ sídìí igi náà. Ìdí ni kí n máa bu omi sí, kì í ṣe orí ewé. Ewé tíì tí a bá ti mu omi rẹ̀ tán, kí n máa dà á síbẹ̀. Bí òdòdó bá rọ, kí n wá ibi tí ẹ̀ka ewé tó ní ewé márùn-ún bá wà, kí n gé e lókè ibẹ̀. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lóṣòó, wọ́n fi ìka wá kókó kan tó wú nísàlẹ̀ igi náà, wọ́n dì í mú. Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù mi dún. Oníbàárà mi ará Ìsẹ́yìn ni, ẹni tí kì í pe ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé e. Mò ń wo ẹnu màmá tó ń lọ sókè sódò, ìka wọn wà lórí kókó náà, èmi sì ń mi orí fún ẹni tí kò ríran. Nígbà tí mo gbé fóònù kúrò létí, wọ́n ní, "Ṣé o gbọ́?"

Mo ní, "Mo gbọ́, mà."

Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, igi náà kò fún mi lálàáfíà. Òjò ń rọ̀ lákọlákọ, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní àmì dúdú, á pọ́n bí ìbẹ́pẹ, á já bọ́. Bí mo bá ń lọ sí Akẹ̀sán, màá lọ wò ó. Bí mo bá dé, kí n tó bọ́ bàtà, màá lọ wò ó. Ọ̀pá mẹ́ta tó ní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò. Màmá ń pè láti Ìbàdàn. Wọ́n ti ṣe ojú àkọ́kọ́ fún wọn, wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn, màmá kò sì béèrè àwọn ọmọ-ọmọ wọn, róòsì ni wọ́n ń béèrè. Mo ń sọ fún wọn pé ó wà dáadáa.

Ni mo bá jí lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ó ti bímọ. Láti ìdí rẹ̀, lábẹ́ kókó yẹn, ọ̀mùnú tútù kan ti yọrí, ó sanra, ó ń dán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó ti dé orúnkún mi. Kò pẹ́ tó fi ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Mo ń dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà ọjà.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe rèé, kì í sì í ṣe àìmọ̀kan ló fà á. Ìmọ̀ ni. Bàbá mi ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìrẹsà. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ọmọ á yọ nídìí ìyá, ìyá á so, á gbó, bàbá mi á bẹ́ ẹ lulẹ̀ kí ọmọ lè rí oúnjẹ jẹ. Ẹni tó bá ń ṣàánú ìyá, ebi ló fi ń pa ọmọ. Ó ṣe tán, gbogbo wa la mọ̀ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. A máa ń sọ ọ́ níbi òkú, àwọn ènìyàn á sì ṣe àmín. Èmi wá dúró níwájú róòsì ìyá ọkọ mi, mo rí ìyá tó ń gbẹ, mo rí ọmọ tó ń dán. Mo wọlé, mo mú àdá.

Mo bẹ́ ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ku bí ìka méjì lókè kókó. Mi ò tilẹ̀ fi wọ́n ṣòfò. Ojú ihò kan wà lára ọgbà wa tí ewúrẹ́ aládùúgbò ń gbà wọlé. Mo kó àwọn ọ̀pá ẹlẹ́gùn-ún náà dí i. Ewúrẹ́ náà dé lọ́jọ́ kejì, ó wo ibẹ̀, ó wò mí, ó yí padà. Mo yin ara mi. Nígbà tí màmá pè, mo sọ fún wọn pé róòsì wọn ti ga dé ìbàdí mi. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé, "Ìyàwó mi mọ iṣẹ́ ọwọ́." Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tí mo ti wọlé ọkọ, ìyìn àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo gbé e lọ sọ́jà, mo gbé e bọ̀ wálé.

Ọkùnrin kan wà tó ń ta òdòdó àti igi ọ̀ṣọ́ lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Oníbàárà mi ni: korobá tó bá ti sán lọ́dọ̀ mi, òun ló ń rà á, á gbin nǹkan sínú rẹ̀. Ó wá lọ́jọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu fún un pé èmi náà ti mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo sọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un, mo sọ ti àdá. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo parí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bi mí pé ewé mélòó ló wà lórí ẹ̀ka ewé kọ̀ọ̀kan lára ọmọ náà. Mo ní ta ló ń ka ewé. Ó ní kí n jẹ́ ká gun ọ̀kadà, ká lọ wò ó. Mo ní kí ẹni tó pàtẹ tì mí bá mi wo ìsọ̀.

Ó lóṣòó ti igi náà. Ó ka ewé rẹ̀ sókè bí ẹni ń kọ́ ọmọdé: méje. Ó ka ti ẹ̀ka mìíràn: méje. Ó bọ́ fìlà orí rẹ̀.

"Mọ̀mí oníke, ta ló gé e?"

"Èmi ni. Mo ti sọ fún ọ ní ọjà."

"Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ lẹ ń tọ́ yìí o."

Ó wá là á yé mi. Irú róòsì yìí kì í sábà dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é máa ń wá róòsì igbó tí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, wọ́n á lọ́ róòsì dáadáa sára rẹ̀. Kókó yẹn ni ojú ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Òkè kókó ni ti màmá. Ìsàlẹ̀ kókó, igbó ni. Ohun tó bá hù lábẹ́ kókó, ńṣe ni wọ́n ń fà á tu, nítorí oúnjẹ tó yẹ kó gòkè ló ń jẹ. Ti màmá, ewé márùn-ún márùn-ún ló máa ń ní.

"Ẹ ti já ẹni tó gun ẹṣin lulẹ̀," ó ní, "ẹ wá ń bọ́ ẹṣin."

Mo rántí ìka màmá lórí kókó. Mo rántí ẹnu wọn tó ń lọ sókè sódò. Wọ́n tilẹ̀ ti wàásù nípa igi tí wọ́n lọ́ sára igi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa rí. Mo sùn nígbà ìwàásù náà.

Mo sáré lọ síbi ọgbà. Àwọn ọ̀pá náà ti gbẹ, wọ́n ń ṣẹ́ lọ́wọ́ mi bí igi ìdáná. Nígbà tí mo padà dé, olódòdó ti ń fi èékánná họ ara kùkùté. Ẹ̀gbẹ́ kan ti dúdú. Lábẹ́ èèpo ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ṣì ku tútù díẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ó ní bí yóò bá jí, kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Bí kò bá jí, kí n wá, òun ní pupa mìíràn nílẹ̀. Ó ní kí n fa ọmọ náà tu fúnra mi, kí n má gé e, kí n fà á láti ìdí. Mo fà á. Ohun tí mo ti bọ́, tí mo ti yìn, tí mo ti fi gbayì lórí fóònù, mo fà á tu bí ẹni fa eyín, mo jù ú sẹ́yìn ọgbà. Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni àbúrò ọkọ mi pè. Ojú kejì ti jinná dáadáa, màmá á wá sílé ní ọjọ́ kejìdínlógún òní. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ìwé mẹ́rin tó ìṣirò yẹn ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dúró de kùkùté rí, ẹ kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìdúró. Mo fi agbọ̀n tó sán bò ó kí oòrùn má baà jó o, mo gbé òkúta lé agbọ̀n lórí nítorí ewúrẹ́. Lójoojúmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, màá ṣí agbọ̀n. Kùkùté. Lọ́jọ́ kejì, kùkùté. Mo ń fi èékánná họ ọ́ láti mọ̀ bóyá tútù yẹn ṣì wà, títí olódòdó fi ránṣẹ́ sí mi pé bí mo bá ń họ ọ́ báyìí, màá họ ọ́ pa. Ní ọjà, obìnrin kan béèrè abọ́, mo gbé kẹ́ẹ̀gì fún un. Màmá ń pè, wọ́n ń sọ bí gbogbo nǹkan ṣe ń dán lójú wọn, wọ́n ní wọ́n tilẹ̀ rí èèrà lára ògiri. Wọ́n ní, "Báwo ni róòsì mi?" Mo ní, "Ó ń dúró dè yín, mà." Irọ́ kọ́ nìyẹn. Ó ń dúró lóòótọ́. Kò kàn ṣe nǹkan mìíràn ni.

Ọkọ mi ní kí n ra òmíràn. "Pupa ni pupa," ó ní. "Ojú ni wọ́n tún ṣe fún wọn, wọn ò tún ìrántí wọn ṣe." Ó wá fi kún un pé bí wọ́n bá bi òun, òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Màmá ló bí i; ẹ̀rù wọn ń bà á ju bó ṣe ń bà mí lọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo lọ sọ́dọ̀ olódòdó. Mo gbé róòsì pupa kan tó ní òdòdó méjì lórí, mo gbìn ín síwájú kùkùté náà kó lè bò ó. Mo kó erùpẹ̀ lé ìdí rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo bomi rin ín, mo fi ọwọ́ pa ojú ẹsẹ̀ mi rẹ́. Olè kì í ṣe ju báyìí lọ.

Ọ̀sán ni wọ́n gbé màmá dé. Wọ́n wọ awò dúdú. Wọ́n wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ní àwọn rò pé mo ga ju báyìí lọ. Wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n ní, "O ti hewú, o ò sì sọ fún mi." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. Mo ní oúnjẹ ti délẹ̀, kí wọ́n jókòó kọ́kọ́ jẹun. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ń lọ.

Wọ́n dúró níwájú róòsì náà, wọ́n bọ́ awò. Wọ́n wò ó títí. Òdòdó méjèèjì pupa bí ẹ̀jẹ̀, wọ́n là gbaga. Mo sọ nínú ara mi pé ó ti bọ́ sí i, wọ́n ti gbà á. Ìgbà náà ni wọ́n tẹ̀ba, wọ́n pa ojú tuntun wọn dé, wọ́n sì gbé imú sún mọ́ ọn. Wọ́n fa imú. Wọ́n sún mọ́ èkejì, wọ́n tún fa imú.

"Ta nìyí?" wọ́n ní.

Wọn kò ní kí nìyí. Wọ́n ní ta nìyí.

Irọ́ náà wà lẹ́nu mi. Ọjọ́ méjì ni mo ti fi ń ṣọ̀nà rẹ̀: mo fẹ́ sọ pé òjò ló fọ òórùn rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n irọ́ ìsọ̀ ni irọ́ tí mo mọ̀ ọ́n pa, èyí tí èmi àti oníbàárà jọ mọ̀ pé irọ́ ni.

"Àlejò ni, mà," mo ní. "Mo ti gé ti bàbá."

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti fóònù, mo sọ bí mo ṣe ń mi orí fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọkọ mi rántí nǹkan kan tó gbàgbé sí pálọ̀. Mo sọ ti àdá, mo sọ ti ewúrẹ́, mo sọ ohun tí olódòdó wí nípa ẹṣin. Màmá dákẹ́. Mo ti mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Irú èyí kò sí nínú rẹ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń dúró kí n rí àṣìṣe mi. Èyí, mo ti rí i. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń dúró dè.

"Kùkùté náà dà?"

Mo fi ọwọ́ ká ewé àlejò náà kúrò. Màmá kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìrìnàjò wọn. Ìka wọn wá kókó náà bí ti ọjọ́ kìíní, wọ́n ń fi ọwọ́ pa á yí ká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ojú tẹ̀lé ìka.

"Kí lo rí níbí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, mà."

"Wò ó dáadáa."

"Kùkùté ni mo rí, mà."

"Èmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú mi," wọ́n ní, "èmi ni mo wá ń ríran jù ọ́ lọ."

Ní ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó kọjú sí ògiri, ohun pupa kan wà tí kò tó hóró ọkà bàbà. Orí kùkùté ni mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí wá. Mo ti la ẹnu láti yọ̀, màmá gbé ọwọ́ sókè. Etí kókó ló ti yọ. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá tòkè ni tàbí tìsàlẹ̀. Àfi kó ní ewé.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi dúró. Mo ti gbé inú wàhálà rí: iná ti jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi, ọmọ mi ti ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ máa gbélé pẹ̀lú ìyá ọkọ tí kò bínú, tí kò fẹjọ́ sùn, tó ń jẹ oúnjẹ yín, tó ń ní "O ṣé," tí kò wá sọ ohun mìíràn mọ́. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn hú àlejò pupa yẹn, wọ́n tún un gbìn sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n bomi rin ín. Wọ́n ní òun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé àga wọn síwájú kùkùté, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Bí mo bá ti ọjà dé, mi ò jẹ́ wo igi náà. Ojú màmá ni mò ń wò, bóyá màá rí i kà níbẹ̀. Ojú olùkọ́, kò sí ohun tó hàn níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, mo ti di ẹrù ọjà, mo ti fẹ́ gbé e rù.

"Ìyàwó," màmá pè mí láti ẹ̀yìnkùlé. "Wá kà á."

Wọ́n lè kà á fúnra wọn. Ojú wọn mọ́ ju tèmi lọ. Mo lóṣòó. Ọ̀mùnú náà ti gùn tó ìka, ó pọ́n bí ara ọmọ tuntun, ẹ̀ka ewé méjì péré ló sì ti ṣí lára rẹ̀. Ewé náà kò tó yẹtí ọmọdé.

"Ení," mo ní. "Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún."

Mo dúró. Mo yí ewé náà padà bóyá ẹ̀kẹfà sá pamọ́ sẹ́yìn.

"Tún un kà."

Àrún.

"Ẹ̀ka kejì."

Àrún.

Mo gbọ́ tí màmá mí kanlẹ̀ lórí àga. "Ọmọ ọlọ́gẹ̀dẹ̀," wọ́n ní, wọ́n mi orí. Orúkọ tí mò ń jẹ́ nílé yẹn títí di òní nìyẹn. Àwọn ọmọ mi náà ń fi pè mí bí wọ́n bá rò pé mi ò gbọ́.

Ó pẹ́ kó tó tan. Ọ̀pá náà ga, ó rú ewé, ó gbé ìrudi kan lé orí, màmá sì ń ṣọ́ ìrudi náà bí aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Ọjọ́ tó là, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá mi lẹ́nu ọ̀nà: èèpo ọsàn, ewé tíì. Mo bá màmá níwájú rẹ̀, wọ́n dúró, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn. Èmi náà dúró. Wọ́n wò ó títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

"Mo rò pé ó pupa ju báyìí lọ," wọ́n ní.

Mo ní, "Bóyá ká ní kí dókítà dá awọ yẹn padà, mà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Lẹ́yìn náà ni èjìká wọn ń mì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di apá mi mú kí wọ́n má baà ṣubú. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n ní kí n lọ mú sísọ́ọ̀sì wá, kí a gé e lọ síbi fọ́tò bàbá ní pálọ̀. Mo mú un wá. Mo gbé e sún mọ́ ọ̀pá náà, ọwọ́ mi kò gbà á.

"Ibo ni kí n ti gé e, mà?"

"Fóònù rẹ dà?"

"Ó wà nínú ilé, mà."

"Ó dáa," wọ́n ní. "Lóṣòó, kí n fi hàn ọ́."